Kannakánná Tí Mo Ní Kó Wá Jẹun

Nígbàkúùgbà tí dóńgóyárò bá tanná, tí òórùn rẹ̀ tó dà bí oyin bá gba ẹ̀yìnkùlé mi ní Sabon Gari, kannakánná kan tó di ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń rántí. Ọdún tí ọkọ mi kú ni. Àwọn ọmọ ti kó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ń pè mí lórí fóònù pé, "Mọ́mì, kí lẹ tún ń ṣe ní Kano? Ẹ máa bọ̀ jàre." Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Kano ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ti ìsọ̀ aṣọ mi ní Kantin Kwari dé, tí mo tilẹ̀kùn, kò tún sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn mi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé túwó kalẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò. Kannakánná yìí bà lé ògiri, ó dúdú minimini, àyà rẹ̀ funfun bí ẹni wọ sùtánà ìjọ wa. Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi kí n máa jẹun lójú ẹni kí n má pè é. Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Ẹ wá jẹun o, àgbà ìjọ!" Ọmọlúàbí yóò ní, "Á gba ibi ire," yóò sì jókòó jẹ́ẹ́ sáyè rẹ̀. Èyí kò gbọ́ irú ìyẹn rí! Ó balẹ̀ gìdì, ó gbé odidi orí ẹja mi, ó padà sórí ògiri, ó wá ń wò mí bí ẹni pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ara mi. Ó ṣàjèjì létí mi.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí n kò pè é. Àfi bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan. Ìyá arúgbó tó ń dá gbé lẹ́yìn ògiri mi ni, opó òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìkíni "Sannu, sannu" nìkan ló máa ń wà láàárín wa. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání.

"Ọmọ mi, o ti ń pè mí tipẹ́. Èmi náà sì ń dáhùn lẹ́yìn ògiri níbẹ̀ yẹn pé á gba ibi ire, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Haba! Tí mo bá tún kọ̀ lónìí, o ó ní mo ń gbéra ga."

Kannakánná ké "káà!" lórí ògiri, bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí. Kíá ni mo ju egungun sí i.

"Ẹ̀yin náà ni mo ń pè, Ìyá. Ẹ jókòó."

"Àgbà ìjọ tí ò ń sọ yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ó mà pẹ́ tí wọ́n ti fi mí joyè o." Ó fọ ọwọ́, ó bu túwó.

Mi ò lọ Ìbàdàn mọ́. A jọ jẹun títí Ìyá fi sùn nínú Olúwa, n kò sì sọ òtítọ́ fún un rí. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo rò pé n kò ní ẹnìkankan, ẹnìkan ń dá mi lóhùn, n kò kàn gbọ́ ni. Títí dòní, tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, sókè ni mo ń pè, kí ohùn mi lè ré kọjá ògiri. N kò mọ ẹni tó tún ń rọra dáhùn.