Omi Ọ̀sà Tí Bàbá Mi Mu

Omi ọ̀sà Bàrígà ni mo bù sínú ìgò, mo gbé e sójú fèrèsé wa ní Fọlá Àgòrò. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí iṣẹ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ. Kò pẹ́ tí omi náà fi di àwọ̀ ewé. Lọ́sàn-án, àwọn kòkòrò yẹn á se oúnjẹ, wọ́n á tọ́jú ìyókù pamọ́, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tú jáde á sì máa hó wuruwuru. Lálẹ́, híhó á dáwọ́ dúró. Wọ́n á wá máa jẹ ohun tí wọ́n fi pamọ́, wọ́n á máa fa afẹ́fẹ́ sínú bíi tiwa.

Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, kì í ka àgbo tí kò bá hó sí. Ibà sì ń ṣe wọ́n. Bí mo ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń nu ẹnu. Wọ́n ní àgbo tí mo rà le dáadáa, àfi pé ó ń rùn bí ẹja. Mo wo fèrèsé. Ìgò mi ti ṣófo.

Irú kòkòrò yẹn kan wà tó ní májèlé. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni mo bù. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa lọ sílé ìwòsàn ni mo ti jẹ́wọ́ fún wọn. Òkùnkùn ni inú èèyàn, ni mò ń rò. Àwọn kòkòrò yẹn á ti rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n á ti máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi pamọ́. Tó bá tán ńkọ́, ṣé wọn ò ní jẹ bàbá mi? Ìrònú òpònú ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò mọ sáyẹ́ǹsì.

Nílé ìwòsàn, bàbá mi rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n fà mí mọ́ra.

"Tí nǹkan bá ṣe mí, mi ò fẹ́ kí wọ́n dá ẹ lẹ́bi. Àgbo ni mo mu, ṣó o gbọ́?"

Nọ́ọ̀sì dé, ó bèèrè ohun tí wọ́n mu. Bàbá mi ní àgbo ni, àdúgbò Pẹ́dírò ni àwọn ti rà á. Nọ́ọ̀sì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tí àwọn dókítà bá wá lọ tọ́jú ohun tí kò ṣe wọ́n ńkọ́? Mi ò já bàbá mi nírọ́ níwájú èèyàn rí.

"Kì í ṣe àgbo, mà. Omi ọ̀sà tí mo tọ́jú ni wọ́n mu."

Bàbá mi kọjú sí ògiri, wọ́n sì sùn lọ. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń wo àyà wọn bóyá ó ṣì ń lọ sókè sódò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n lajú, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù.