Ọjọ́ Tí Òógùn Gbẹ Lára Bàbá Mi

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì kéré ní Fìdítì, bí àgbẹ̀ bá ń làágùn, ẹnikẹ́ni kì í kà á sí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ títí tí ara rẹ̀ ṣì gbẹ ni à ń yìn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyìn yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù títí di òní, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Àáró ni àwọn bàbá wa ń ṣe nígbà náà. Gbogbo ẹgbẹ́ á kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sóko ẹlòmíì lọ́la. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí àárín ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an, ó sì kan oko tiwa. Bàbá mi ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sábẹ́ igi kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọ ebè fún un? Ó mú ọkọ́, ó ṣíwájú wọn. Èmi àti ìyá mi la gbé omi tẹ̀lé wọn, fún àwọn tí kò gbààwẹ̀.

Láàárọ̀, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn bàbá mi bí ẹni tí òjò pa. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo wò ó, ẹ̀yìn náà ti gbẹ, iyọ̀ funfun ló kù lára rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà rí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo ọkùnrin. Oòrùn ti mọ́ ọn lára." Inú mi dùn pé bàbá tèmi ni wọ́n ń yìn. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lé orí èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá mi, ẹ kú àtijọ́." Ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó ń gbọ̀n, ó ní òtútù ń mú òun. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n kó aṣọ bò ó, wọ́n tún dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó sì yára fa ọwọ́ náà sẹ́yìn. Ó ká gbogbo aṣọ kúrò, ó ń da omi sí i lórí, ó sì fẹ́ fi díẹ̀ sí i lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, o fẹ́ ba ààwẹ̀ ọkọ rẹ jẹ́ ni?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n bà á jẹ́. Èmi ni n ó dáhùn rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

Omi ò tó, odò ti gbẹ, ẹnu rẹ̀ ò sì gba omi mọ́. Oòrùn wọ̀, ìlú ṣínu, bàbá mi kò sí láyé mọ́.

Ọmọ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lóye lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ara kì í fẹ́ kí ooru inú rẹ̀ gòkè tàbí kó wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òógùn ló sì fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí agbára rẹ̀ bá pin, òógùn á dá, ooru á sì gun ọpọlọ.

Ayé ti yí padà. Omi inú ọ̀rá wà ní gbogbo ìkóríta láti Fìdítì dé Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn náà ti yí padà. Igi tí à ń sá sí abẹ́ rẹ̀ ti di pákó, òru pàápàá kì í tutù mọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi tó ń gun ọ̀kadà máa ń bínú pé mò ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́rùn lọ́sàn-án gangan, bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú. Ẹni tó ń bínú ṣì wà láyé.