Bẹ́ńṣì Ẹ̀yìn Sààrì

Mo rántí òórùn símẹ́ǹtì tútù lára bàbá Sẹkínà, nígbà tó ń bá wọn lẹ táìsì ní Thomas Estate, tí irorẹ́ gba gbogbo ojú ọmọ wa. Ó pọ́n, ó le, ó sì ń ro ó. Iṣẹ́ aránṣọ ni Sẹkínà ń kọ́ lọ́dọ̀ Ìyá Táwà l'Ájàh. Múnírà tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti dà bí ọ̀nà àdúgbò wa lẹ́yìn òjò, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì rẹ́rìn-ín. Bó ṣe délé nìyẹn, ó ní òun ò kọ́ṣẹ́ mọ́.

Ìpara tó kọ́kọ́ ń lò ò ràn án. Dókítà Bísí wá fi kápúsù kún un, ó ní kó máa lò ó láràárọ̀ fún oṣù díẹ̀, kó fi omi púpọ̀ gbé e, kó má sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. A gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ dé. Sẹkínà á jẹ sààrì, á fi ẹ̀kúnnu omi kan gbé oògùn, á padà sórí ẹní. Nígbà tó yá, itọ́ ò ṣeé gbé mì fún un mọ́. A rò pé ààwẹ̀ ló ń gbẹ ẹ́ lọ́fun. Dókítà ní kápúsù ló ń dúró sọ́nà ọ̀fun, tó ń bó o níbẹ̀, kó jẹ́ kó san kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀fun san, ọmọ ní òun ò lò ó mọ́, kí ojú máa bàjẹ́ lọ. Bàbá rẹ̀ ò bá a jà. Oorun ẹ̀yìn sààrì nìkan ni ìsinmi ọkùnrin yẹn, àmọ́ ó gbé bẹ́ńṣì síta. Ó ní, "Gbé omi rẹ dání, ìyá mi. Bí o ò bá sùn, èmi náà ò ní sùn."

"Ẹ ó máa tòògbé níbi iṣẹ́ o, Bàbá."

"Bí táìsì bá wọ́, wọ́n á rò pé àrà tuntun ni."

Sẹkínà á fi ife omi gbé kápúsù rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n á kírun, wọ́n á tún padà jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti yàrá, ó ti rẹ̀ mí jù láti dìde. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú náà rọ̀, Sẹkínà padà sọ́dọ̀ Ìyá Táwà.

Bàbá Sẹkínà ti kú báyìí. Ọmọ wa ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́nà Elékò. Ààwẹ̀ tó kọjá, ó wá bá mi jẹ sààrì. Kò lo oògùn kankan mọ́. Mo tẹ́ ẹní fún un, ó ní kí n má ṣèyọnu, ó gbé bẹ́ńṣì síta. Bó ti rẹ̀ mí tó, mo dìde, mo lọ jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó.