Kùkùté Wáyà Tí Mo Fi Téèpù Dì

Títí di òní, bí mo bá rí ọ̀pẹ òyìnbó lórí àtẹ, ojú máa ń tì mí.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Wharf Road, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde, mọ̀ pé ẹnu mi kì í dilẹ̀. Bí mo bá délé ní Ajégúnlẹ̀, rédíò ló kàn. Kì í ṣe rédíò ìròyìn o. Èyí tí ìjọba ń fún èèyàn níwèé àṣẹ láti fi bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú ni. Ọ̀sán Sátidé ni tèmi, lórí ìlà afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní méje.

Bàbá kan ń gbé ní ojúlé kejì sí wa, tí wọ́n ṣiṣẹ́ rédíò nínú ọkọ̀ ojú omi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìlà mẹ́rìnlá ni tiwọn, ọ̀sán Sátidé náà sì ni, torí ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ wọkọ̀ nígbà èwe máa ń pè wọ́n láti òkè òkun. Ọ̀rẹ́ náà ń ṣàìsàn. Fóònù wà, ṣùgbọ́n orí rédíò ni wọ́n ti mọ ohùn ara wọn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohùn tí èèyàn bá jù sórí ìlà méje máa ń ní òjìji lórí ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn mẹ́rìnlá. Bí mo bá ti la ẹnu, ariwo á bo ọ̀rẹ́ bàbá mọ́lẹ̀.

Bàbá ò bá mi jà. Ìyàwó wọn ni wọ́n rán sí mi. “Ìyá wa, ẹ má bínú o. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, bàbá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.”

“Màmá, ẹ ní kí bàbá lọ ṣàyẹ̀wò etí wọn. Rédíò mi ò lárùn.”

Ẹyin lohùn. Oṣù gorí oṣù kí n tó ṣe ohun tó yẹ, inú bíbí ni mo sì fi ṣe é, kí wọ́n má bàa rí mi wí mọ́.

Ohun tó yẹ náà kò le. Èèyàn á gé wáyà rédíò, irú èyí tó ní bàbà láàárín àti àwọ̀n wáyà lẹ́yìn. Á wọ̀n ọ́n kó bá ìlà méje mu, á so ó mọ́ ìdí rédíò kó rọ̀ síbẹ̀ bíi kùkùté ẹ̀ka. Bí a bá so bàbà inú pọ̀ mọ́ àwọ̀n ẹ̀yìn ní ìparí rẹ̀, á gbé òjìji orí ìlà mẹ́rìnlá mì, á jẹ́ kí méje kọjá. Bí a kò bá so ó, méje gan-an ni yóò gbé mì.

Mo ra wáyà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ojú omi ní Ìjọra, mo wọ̀n ọ́n, mo gé e. Ní àdúgbò wa, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í jẹ́ kí wáyà pẹ́ kó tó dípẹtà, nítorí náà bí a bá ti ń gé e la ti ń fi téèpù dì í. Ọwọ́ mi ṣe bó ṣe máa ń ṣe: ó gé, ó dì. N kò so nǹkan kan pọ̀.

Ní Sátidé, mo pè títí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo ní oòrùn ló ba ojú ọ̀run jẹ́ tí ohùn ò fi rìn. Abẹ́rẹ́ mítà ara rédíò fò sódì, mo ní mítà ló bàjẹ́. Gbogbo ayé ló jẹ̀bi, àfi èmi.

Nírọ̀lẹ́, bàbá fúnra wọn gbé ọ̀pẹ òyìnbó ńlá kan wá. “Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ̀rẹ́ mi lónìí bí ẹni pé inú yàrá la jọ wà. Ọ̀nà rẹ ò ní dí.” Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣe àmín, orí mi ń wú. Mo jẹ ọ̀pẹ òyìnbó náà tán.

Sátidé mélòó kan kọjá kí ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń lo ìlà méje, ará Ìjọra Badia, tó pè mí lórí fóònù. “Madam, we no dey hear you at all o. Àbí ẹ ti ta rédíò yín ni?”

Ìgbà yẹn ni mo tó tú téèpù. Mo rí i pé n kò so bàbà pọ̀ mọ́ àwọ̀n, méje gan-an ni wáyà náà ń gbé mì. Ohùn mi ò dé ibì kankan mọ́, ìdí nìyẹn tí bàbá ò fi gbọ́ mi, mo sì ti gba àdúrà lé e lórí.

Mo lọ bá wọn. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

“Mo mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo yí rédíò mi sí ìlà tìẹ, mi ò bá ẹ níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún ẹ pé o ti dí ara ẹ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rẹ́ mi ń lọ sílẹ̀, mo ní kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i. Ojú ló ń tì mí tí mo fi gbé ọ̀pẹ òyìnbó wá. Má bínú.”

Àgbà tó tó bí mi lọ́mọ ló ń bẹ̀ mí. N kò lè gbójú sókè. “Ẹ má bẹ̀ mí, sà. Màá tún un ṣe kó tó di Sátidé. Ẹ ó ṣì máa gbọ́ wọn.”

“Wọ́n ti sin ín lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

Gbogbo oṣù tí ọkùnrin náà fi lókun, tó ń sọ̀rọ̀ ketekete, ariwo mi ló bò ó. Ìgbà tí agbára rẹ̀ ń tán lọ ni mo ṣèèṣì dákẹ́.

Bàbá bá mi délé. Àwọn ni wọ́n di ìdí wáyà náà mú nígbà tí mo ń fi òjé so ó pọ̀. Ní Sátidé, mo sọ̀rọ̀ lórí ìlà méje, ará Badia sì dáhùn tayọ̀tayọ̀. Mo pe bàbá lórí fóònù, mo bi wọ́n bóyá ariwo mi ṣì ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

“Rárá o,” ni wọ́n wí. “Ó mọ́ tónítóní, ọmọ mi. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.”