Mọ́tò Onílẹ̀kùn Méjì tí Abọ́sẹ̀dé Rà

“Ẹnu tèmi kò lè sọ pé rárá, Kọ́ládé. Mọ́tò tí yóò máa bá mi sọ ọ́ ni kí o wá fún mi.”

Kọ́ládé, tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Adó ní Ìkẹ́rẹ́, ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu oníbàárà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ irú èyí rí. Ó ṣí fìlà, ó họ orí.

“Màmá, mọ́tò wo ló ń sọ̀rọ̀?”

“Gbogbo wọn ni. Èyí tí mo ní yìí, ‘ẹ wọlé’ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.”

Abọ́sẹ̀dé ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsẹ̀. Opó ni. Agboolé baba rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ló padà sí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìgbà tí tíṣà ṣì ń jẹ́ tíṣà: ẹfun kì í ta sí aṣọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í ga, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì pẹ́ dé yóò ti máa sunkún kí ó tó kan ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ agboolé, ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa láyé ọjọ́un. Ọmọ kì í wo ojú àgbà kí ó ní òun kò jẹ́ iṣẹ́. Ó lè ní ìdí tí iṣẹ́ náà kò fi ṣeé jẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ní ẹnu tí yóò fi kọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Píjò rẹ̀, wágọ́ọ̀nù tí ìdí rẹ̀ gùn bí ọ̀sán ọjọ́ ààwẹ̀, ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ti gbé ìyàwó, ó ti gbé pósí, ó ti gbé ẹgbẹ́ akọrin lọ sí Emùré. Ó gbé màlúù kan rí, ìwo màlúù náà sì lu òrùlé rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ rẹ̀. Wọn a kàn sọ fún un ni. “Abọ́sẹ̀dé, a ó dé Àìsẹ̀gbá ní Sátidé o,” bí ẹni ń kéde pé òjò yóò rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà burú sí i, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ìlú kan kò gba ipò ní Adó, kò sì sí ipò tí wọn kì í lọ dúpẹ́ rẹ̀. Píjò náà ti wá di arúgbó. Okùn ni wọ́n fi so ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tó ń gùn ún náà ló sì ń tì í.

Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yìí fẹ́ ni Sátidé tirẹ̀. Ó fẹ́ jí, kí ó wa ọkọ̀ tó dùn ún wà, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kí ó lọ bá Gbémisọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ní Ìlawẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ fi àwọn ọkùnrin tí wọ́n kọ̀ nígbà èwe rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti padà sí agboolé, Sátidé kan kò tíì jẹ́ tirẹ̀ rí.

Píjò 505 ni Kọ́ládé kọ́kọ́ mú un lọ bá. “Èyí yóò gba èèyàn mẹ́jọ, Màmá!”

Abọ́sẹ̀dé fà sẹ́yìn bí ẹni rí ejò.

Ó wá rí Gọ́ọ̀fù aláwọ̀ búlúù kan lábẹ́ igi máńgòrò, onílẹ̀kùn méjì péré. Kò wo ọ̀dà rẹ̀. Ó ká aṣọ sókè, ó lóṣòó, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá epo ń kán. Ó béèrè bóyá mẹkáníìkì Ìsẹ̀ lè tún un ṣe, bóyá páàtì rẹ̀ kò wọ́n, bóyá ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò gba inú búùtù. Lẹ́yìn náà ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní kí Kọ́ládé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà Ìsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, tíṣà àgbà yí jíà, ọkọ̀ fò síwájú bí ìgalà.

“Màmá, ẹ rọra o! Mi ò tíì fẹ́ ìyàwó kejì!”

“Ti àkọ́kọ́ ti tó ọ,” ni Abọ́sẹ̀dé wí, ó sì tún tẹ iná mọ́ ọn.

Bí wọ́n ti padà dé, ó pàṣẹ kan. “Kọ́ládé, bọ́ sẹ́yìn.”

Kọ́ládé, ọkùnrin oníkùn, tẹ àga iwájú, ó ti orí bọ ibẹ̀. Ìdí kọjú sókè, fìlà bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan kù níta. Ẹni méjì ló fà á yọ. Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ó tán! Àgbà wo ni yóò fi irú àbùkù yìí kan ara rẹ̀? Èyí ni mo rà.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló gbé e wọ agboolé. Gbogbo ilé tú jáde láti súre fún un. Ìbídùn, ìyàwó ilé tó ti pinnu láti fi mọ́tò náà kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi òkú kan ní Emùré lọ́jọ́ kejì, yí i po, ó káwọ́ lérí, ó sì fi orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pe tíṣà náà bi í.

“Ìyá Oníwèé, ìdajì rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà ni, àbí?”

Baba Adéníran, olórí ẹbí, fi ọ̀pá kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. “Níbo ni ulẹ̀kùn ẹ̀yìn wà?”

“Kò ní, Baba,” ni Abọ́sẹ̀dé fèsì, ó sì fajú ro bí ẹni ṣọ̀fọ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun.”

Ìbídùn yọwọ́ ńbẹ̀. Ó ní òun yóò wá ọkọ̀ mìíràn. Inú Abọ́sẹ̀dé ń dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó hàn lójú. Àfi bí Baba ṣe ṣí ìlẹ̀kùn, tó jókòó síwájú, tó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ra.

“Ta ni yóò jókòó sẹ́yìn mi?”

“Kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀, Baba.”

“Ẹnìkan kò ní máa mí sí mi lọ́rùn? Agbọ̀n uṣu kankan kò ní máa gún mi lẹ́yìn?”

“Rárá, Baba.”

Baba fẹ̀yìn ti àga, ó di ojú. “Ọmọ dáadáa. O mọ̀ pé ara ń ro mí, o ra ọkọ̀ àgbà. Lọ́la, kí a jáde.”

Abọ́sẹ̀dé dúró bí ẹni tí pàkúté tó dẹ mú lẹ́sẹ̀. Ìbídùn, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ náà, tún súnmọ́ ọn. “Baba, bí èmi nìkan bá ká ara mi kò sẹ́yìn . . .”

“Kí o máa mí sí mi lọ́rùn?”

Ìbídùn padà sẹ́yìn. Abọ́sẹ̀dé wò ó, ó wo Baba, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tẹríba lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

“Baba, ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ́tò yìí ní Sátidé ti wá gba àṣẹ.”

“Ọ̀dọ̀ ta ni ì bá tún ti gbà á?”

“Níbo ni ẹ fẹ́ kí a lọ lọ́la?”

“Mi ò tíì rò ó. Ibi tí ọ̀nà bá ti dára.”

“Ọ̀nà Ìlawẹ̀ dára, Baba.” Irọ́ ni, láti ẹnu ẹni tó ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́. “Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tó mọ iyán gún.”

Baba la ojú kan. “Ó mọ̀ ọ́n gún dáadáa?”

“Kò ní kókó rárá.”

“Má pẹ́ jí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìrì tó gbẹ, Abọ́sẹ̀dé mú àkísà jáde, ó nu gíláàsì iwájú mọ́, ó sì ti àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sẹ́yìn pátápátá kí orúnkún àgbà lè ráyè.