Ọjọ́ Tí Mógàjí Da Omi Sí Wa Lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n fọ́nnu díẹ̀ lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà kòrónà ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá rò pé mò ń ṣe fáàrí, kó kọ́kọ́ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin ná!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kọfí àti tíì ni mò ń tà ní Pópó Yemọja, níwájú ilé Bàbá Mógàjí, olórí agboolé wa. Ìyá Kọfí ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni omi mi ti ń hó. Àwọn tó kírun Àsùbáà tán, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń lọ ṣí ìsọ̀ l'Ọ́jà'ba, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń fi nǹkan gbígbóná sínú. Bàbá Mógàjí ló fún mi láyè ibẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu wọn, ẹrù mi ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ife ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta tíì? Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni, láti ìdájí títí oòrùn á fi mú. Ẹnì kan á mu tán, wọ́n á ri ife bọ omi, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, ó di ti ẹlòmíì. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ kí àrùn kankan tó dé! Ìyá mi ò jẹ́ fi ife tí wọn ò fúnra wọn fọ̀ mu omi, bí wọ́n sì ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Nígbà tí kòrónà wá dé, mo ní eré ti parí. Mo ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ nídìí, mo gbé ọṣẹ tì í. Mo sún àwọn bẹ́ǹṣì jìnnà síra wọn. Omi híhó ni mo fi ń ṣan ife kọ̀ọ̀kan kí n tó da kọfí sí i. Òfin mi ò sì le: ẹni tí kò bá fọwọ́, kò ní mu.

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó! Wọ́n yí orúkọ mi padà sí Dókítà Kọfí. Èyí tó burú jù nínú wọn ni Múfú, ọlọ́kadà kan tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ lọ́dọ̀ mi. Ó ní kòrónà ò mọ ọ̀nà Pópó Yemọja, pé àwọn olówó tó ń wọ bàálù ló ń mú. Mo ní ẹni tó ń gbé gbogbo ayé sẹ́yìn ọ̀kadà láti àárọ̀ dalẹ́ ńkọ́, ṣé ó mọ ibi tí oníkálukú wọn ti ń bọ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó fi omi kan ìka méjì, ó lóun ti fọwọ́. Mo ní kó tún un fọ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n sọdá sí òdìkejì títì lọ mu tíì tiwọn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ omi téèyàn máa mu ò ní ṣàn kọjá rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí padà ni Bàbá Mógàjí fúnra wọn yà sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìrun ni wọ́n ti ń bọ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, ìbomú wọn wà lábẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n po kọfí wọn kó le dáadáa.

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Múfú gbé búrẹ́dì ẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ ohun tó ń dúró dè: bí mo bá gbé kọfí fún Bàbá báyẹn, òfin mi ti kú, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀ ńkọ́? Orí ilẹ̀ ta ni mo wà?

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi fọwọ́ ná.

Wọ́n wò mí títí. "Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán? Àlùwàlá mi ṣì wà lára mi, o ní ọwọ́ mi ò mọ́?"

Ẹ sọ fún mi, kí lẹ̀ bá sọ? Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu mi.

"Bàbá, àárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni àlùwàlá yín wà, mi ò lẹ́nu níbẹ̀. Àwọn tó bọ̀ yín lọ́wọ́ láti mọ́ṣáláṣí dé ibí ni mò ń bẹ̀rù."

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ.

Múfú rọra ní ó dà bíi pé kí n máa kó ife mi jọ. Èmi náà ti ń ro ibi tí mo máa gbé sítóòfù mi lọ. Mo fẹ́ sunkún, àmọ́ mi ò kábàámọ̀.

Ìgbà tí Bàbá máa jáde, kẹ́tùrù àlùwàlá wọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lọ síbi ọṣẹ mi, wọ́n fọwọ́ wọn, wọ́n fọ àárín ìka, wọ́n fọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kẹ́tùrù sókè, wọ́n kọjú sí Múfú.

"Na ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò! Ní Ìbàdàn yìí, ọmọdé ló ń da omi sí àgbà lọ́wọ́. Níbo lẹ ti rí i kí Mógàjí máa da omi sí ọlọ́kadà lọ́wọ́? Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí Bàbá jẹ́ kóun dà á fún wọn. Bàbá ò gbà. Ó fi ọṣẹ pa ọwọ́ ẹ̀, Bàbá da omi sí i, ó fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ bó o láwọ̀! Gbogbo àwọn tó kù dìde, wọ́n tò, wọ́n na ọwọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ta ló máa kọ omi Mógàjí?

Bí Bàbá ṣe ń da omi náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀: "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Obìnrin yìí ti sọ fún wa."

Èmi náà na ọwọ́ tèmi. Bàbá da omi sí i. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti fi ṣúgà sí kọfí wọn, wọ́n sì mu ún bẹ́ẹ̀.

Kẹ́tùrù yẹn ò padà wọlé mọ́, ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì mi ni Bàbá fi í sílẹ̀ sí. Kòrónà lọ, kẹ́tùrù ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó sọdá títì náà ti padà.

Láìpẹ́ yìí ni àlejò kan dé, ó jókòó, ó lóun ò fọwọ́, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ nílé ni. Kí n tó la ẹnu, Múfú ti gbé kẹ́tùrù. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó ju Mógàjí lọ ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ohun tó dáa, ká kúnlẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ká sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ń bà yín, kí ló sì tìdí ẹ̀ yọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà. Bẹ́ ẹ bá sì gba Pópó Yemọja kọjá, ẹ yà mu kọfí lọ́dọ̀ mi. Àmọ́ kẹ́tùrù lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé.