Obìnrin Tó Wá Béèrè Ìyá Òkè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń wọ bàtà yìnyín tí kò gba ẹ̀gbọ́n mi mọ́, ilé alájà méjì kan là ń gbé ní Chicago. Àwa wà nísàlẹ̀, ìyá àgbà òyìnbó kan sì wà lókè. Bàbá mi ń wa takisí, ìyá mi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, lẹ́bàá pápákọ̀ òfúrufú. Bí a bá ti iléèwé dé, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yìí la máa ń wà títí wọn ó fi dé. Ìyá Òkè là ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń pe àgbàlagbà lórúkọ bí ẹni ń pe ajá, ẹ jẹ́ kó yé yín pé odidi ọdún mẹ́rin la fi jẹ oúnjẹ rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀, a ò sì rò pé ó yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ukraine ni. Nítorí pé Mùsùlùmí ni wá, ó máa ń se ọbẹ̀ tiwa sínú ìkòkò ọ̀tọ̀, láìfi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ní òfin kan. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá àsìkò, ẹ̀rù àwọn imigiréṣọ̀n kò sì jẹ́ kó gbádùn. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn tó ń béèrè èèyàn, you don't know them. Kódà tó bá dárúkọ èmi bàbá yín, you don't know me." A mọ èyí sórí ju ohunkóhun tí wọ́n kọ́ wa ní iléèwé lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn òbí mi wà níbi iṣẹ́, ni obìnrin òyìnbó kan wá kan ilẹ̀kùn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí i. Ó wé gèlè kékeré, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti yìnyín rárá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó fi àwòrán àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n dúró nídìí kànga hàn mí, ó sì dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, òótọ́ sì ni. Ó wá béèrè bóyá ìyá àgbà ará Ukraine kankan wà nínú ilé náà. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Òkè lókè orí mi, tó ń lọ tó ń bọ̀ nídìí sítóòfù. Mo wo obìnrin náà lójú, mo ní, "No, ma'am. It's just us." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Inú mi dùn pé mo gbọ́ràn sí bàbá mi lẹ́nu.

Ó tó bí oṣù méjì lẹ́yìn náà tí olùkọ́ wa ní ká lọ bi àgbàlagbà kan bó ṣe dé Amẹ́ríkà. Mo gbé ìwé mi lọ bá Ìyá Òkè níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lòun nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì kó òun lóko, tí wọ́n fi tipátipá kó òun lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wọn. Nígbà tí ogun parí, ó bá ara rẹ̀ ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ìjọba Rọ́ṣíà, tó ń ṣàkóso Ukraine nígbà náà, ń wá kó wọn padà, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n sì ń pe ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá kó, wọ́n ń rán wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ló bá yí orúkọ padà, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ Poland lòun, torí wọn kì í fipá kó àwọn yẹn padà. Orúkọ yẹn ló gbé wọ Amẹ́ríkà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló kù sílé, kò sì jẹ́ kọ lẹ́tà sí i, kí wọ́n má baà fìyà jẹ ẹ́. Ó ti tó ogójì ọdún tí kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Lẹ́yìn náà ló sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún mi. Orúkọ tí obìnrin tó mú àwòrán wá yẹn dá ni.

Ẹkún ni mo fi jẹ́wọ́. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó kàn jókòó, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "O ò ṣe nǹkan tó burú. Ká ní èmi ni mo ṣílẹ̀kùn, ohun témi náà máa sọ nìyẹn."

Títí dòní, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó ìyẹn.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, kò bá mi wí. Ó mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Sọ́ńdè lẹ́yìn Sọ́ńdè ló ń fi takisí gbé Ìyá Òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará ìlú rẹ̀ láti béèrè obìnrin náà, títí wọ́n fi júwe ilé kan fún wa ní Joliet. Ibẹ̀ ni obìnrin náà dé sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti padà sílé. Onílé ní ó wá ẹni tó ń wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sú u, ó sì ní òun á lọ sọ fún àbúrò Ìyá Òkè tó rán òun níṣẹ́ pé kó má wá a mọ́, pé ó jọ pé ó ti kú. Ó kọ àdírẹ́sì àbúrò náà fún wa. Ìyá mi bẹ Ìyá Òkè títí pé kó kọ lẹ́tà. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti sunkún mi tán, ẹ jẹ́ kí n kú fún wọn bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà Amẹ́ríkà lè kó bá a." Ó kú kí ilẹ̀ wọn tó bọ́ lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n kọ sí ibojì rẹ̀.

Ó máa ń rẹ̀ mí tí mo bá rántí. Ayé ti yí padà, wọ́n ní, síbẹ̀ ogun tún ti lé àwọn ará ìlú rẹ̀ dé Chicago. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí mo ti ń dúró de dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì bi í lórúkọ, ó dá a ketekete, ó tún dárúkọ ìlú rẹ̀ ní Ukraine tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀ tó ṣì wà lọ́hùn-ún. Mi ò gbọ́ èdè wọn. Mo ṣáà ń gbọ́ tí ọ̀kan ń pè, tí èkejì ń dáhùn. Wọ́n pè mí kí n wọlé lọ bá dókítà, mi ò dìde; mo ṣì fẹ́ máa gbọ́ ìdáhùn ìyá rẹ̀.